Páàdì bíréèkì: èwo ni ti títì, èwo ni ti pápá ìje?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, àbúrò kan tó ń kàwé ní LAUTECH wa Honda Civic rẹ̀ wá sí ọgbà iṣẹ́ mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Àyà rẹ̀ ṣì ń já. Ó ní, "Bọ̀dá, bíréèkì yìí ò mú o. Mo tẹ̀ ẹ́ ní Tákìé, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Díẹ̀ ló kù kí n rọ́ lu kòròpé lẹ́yìn." Mo bi í pé ìgbà wo ló pààrọ̀ páàdì. Ó ní ìjẹta ni, pé páàdì ìje lòun rà, Bẹ́líjọ́ọ̀mù ni, ara ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sáré ìje nílùú òyìnbó ni wọ́n ti tú u, owó gidi lòun sì san lé e.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wa ọkọ̀ náà jáde sójú ọ̀nà Ìlọrin níbi tí èrò ò ti pọ̀. Mo ń sáré díẹ̀, mo ń tẹ bíréèkì, léraléra. Níbẹ̀rẹ̀, ṣe ló dà bíi pé pákó ni mo fi ń di dísìkì mú, ìyẹn irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà, tí páàdì máa ń fún mú. Nígbà tó yá, tí òórùn iná ti ń wọlé sí mi nímú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró gbọin, débi pé bẹ́líìtì gbá mi láyà. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára bíréèkì yẹn. Páàdì náà dáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgboro ni wọ́n ṣe é fún.

Látọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé èwo ni kóun rà: ẹ má fi owó yan páàdì, ẹ má fi orúkọ yàn án, ìgbóná ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Páàdì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ìgbóná tó ti máa ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá tíì dé ibẹ̀, kò ní mú. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kò ní mú mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbóná tí ọkọ̀ yín ń dá sílẹ̀

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, eré tó wà lára ọkọ̀ kò ṣègbé, ooru ló ń dà. Ẹ jẹ́ ká fi píọ́ wọ́tà wọ̀n ọ́n, olómi inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń mu. Ká ní Corolla kan tòun ti awakọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 1,300 kílò. Tó bá ń sá 50 kílómítà ní wákàtí, tí ẹ wá dá a dúró, ooru tí bíréèkì máa gbà kò tó èyí tó máa mú omi ọ̀rá kan hó. Tó bá ń sá 100, ó tó láti se omi ọ̀rá mẹ́ta. Tó bá ń sá 160, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀rá mẹ́jọ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Ẹ ṣàkíyèsí pé láti 50 sí 100, eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ooru di ìlọ́po mẹ́rin.

Ní ìgboro wa, láàárín ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́ àti bọ́ǹpù, kò síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ sáré lọ. Dísìkì ọkọ̀ tó ń ti Tákìé lọ sí Under G kì í sábà kọjá nǹkan bíi 100 sí 200 dìgírì. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí tírélà bá ṣàdédé yà sí iwájú yín, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láti 110, kó gbóná gan-an lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ẹ ó máa bá ìrìn yín lọ, atẹ́gùn á sì fẹ́ sí i. Ti pápá ìje ò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́nà kan ò tíì tán tí òmíràn fi dé, ogún ìṣẹ́jú gbáko lẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ láti orí eré tó le, kò sì ní ráàyè tutù. Dísìkì á lọ sí 400, 500, 600 dìgírì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọkọ̀ bá wúwo.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ tiyín dájú, ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná tó dà bí ìbọn, irú èyí tí wọ́n ń nà sí nǹkan láìfọwọ́ kàn án. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà síwájú orí wa lásìkò Kòrónà o, ara èèyàn nìyẹn wà fún, kò lè ka ìgbóná irin. Ẹ ra ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó lè ka 500 dìgírì ó kéré tán. Bí ẹ bá ṣe ń dúró ni kí ẹ nà án sí dísìkì. Àmọ́ ojú dísìkì tó ń dán máa ń tan ẹ̀rọ yìí jẹ, ó máa ń jẹ́ kó ka iye tó kéré sí òótọ́, nítorí náà ẹ na án sí etí páàdì pẹ̀lú, kí ẹ sì gbà pé èyí tó ga jù lára méjèèjì ló sún mọ́ òótọ́.

Ohun tó wà nínú páàdì

Lọ́dún 1888, nígbà tí Bertha Benz wa mọ́tò láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní Jámánì, igi tí wọ́n fi ṣe bíréèkì rẹ̀ ń jẹ lójú ọ̀nà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó yà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ bàtà, ó ní kó bá òun kan awọ mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ páàdì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì yí padà: ohun kan ló máa jẹ kí òmíràn má baà jẹ.

Páàdì òde òní jẹ́ ìyẹ̀fun oríṣiríṣi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin pẹlẹbẹ kan. Èyí tí ò ní irin púpọ̀ nínú rọ̀, kì í pariwo, ó máa ń mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tètè ń jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní ceramic kì í fi bẹ́ẹ̀ da eruku dúdú sára ríìmù, ó sì máa ń pẹ́. Semi-metallic ní irun irin àti ìyẹ̀fun irin nínú, ó ń fara da ooru jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń dún díẹ̀, ó sì ń jẹ dísìkì. Páàdì ìje tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Ohun tí wọ́n pò sínú rẹ̀ kò ní jí àfi tó bá ti gbóná, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kọjá 150 tàbí 200 dìgírì kí wọ́n tó mú bó ṣe yẹ, wọ́n sì lè máa bá a lọ títí dé 700. Tí ẹ bá ń lò wọ́n ní tútù, bí ẹni ń fi sáńpépà ha dísìkì ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo Formula 1, ṣé ẹ ti rí i bí wọ́n ṣe ń ta gọ́ngọ́n sọ́tùn-ún sósì, tí wọ́n ń tẹ bíréèkì, nígbà tí wọ́n bá ń rọra tẹ̀ lé ọkọ̀ aláàbò? Kì í ṣe eré. Táyà àti bíréèkì wọn ni wọn ò fẹ́ kó tutù. Kábọ́ọ̀nù ni dísìkì àti páàdì wọn, ó lè gbóná tó 1,000 dìgírì, tó bá sì tutù, kò ní gbọ́ tiwọn. Tí bíréèkì àwọn yẹn bá lè kọ̀ jálẹ̀ nítorí òtútù, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbé irú rẹ̀ sọ́kọ̀, tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé láago méje àárọ̀.

Pẹ́dà ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbí, torí pé àwọn mẹkáníìkì míì náà ń ṣi èyí mú. Ọ̀nà méjì tó yàtọ̀ síra ni bíréèkì fi máa ń kọ̀ tó bá gbóná jù.

Èkíní: pẹ́dà le bí òkúta, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ̀ ò dúró. Páàdì ló ti rẹ̀. Gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti ń jóná, èéfín rẹ̀ wà láàárín páàdì àti dísìkì. Tí ẹ bá tú u, ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí, tàbí kí etí rẹ̀ ti máa fọ́ wẹ́wẹ́. Páàdì tuntun tí wọn ò tíì se sí dísìkì, ìyẹn ni pé wọn ò tíì fi ooru mú kí méjèèjì mọra wọn, máa ń ṣe irú èyí gan-an.

Èkejì: pẹ́dà rọ̀, ó wọlé títí dé ilẹ̀ bíi pé kànìnkànìn lẹ̀ ń tẹ̀. Èyí kì í ṣe páàdì. Ọ́ìlì bíréèkì ló ti hó. Ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín dé táyà, ṣùgbọ́n tó bá hó, oru ló dà, oru sì ṣeé fún pọ̀. Ẹ lè ra páàdì tó dáa jù láyé, tí ọ́ìlì bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀, àṣedànù ni.

Ẹ yan tiyín báyìí

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, àti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ń wa ọkọ̀ lọ, ẹ ra ceramic tàbí irú èyí tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́. Mi ò rí ìdí kankan tí Camry ẹni tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́ fi nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ Sienna tàbí bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò àti ẹrù, semi-metallic ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú láti lò. Ẹrù ń dá kún ooru, ariwo díẹ̀ ò sì pa ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún lẹ máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń sáré nínú ọgbà, irú páàdì àárín-méjì wà, tó ń mú ní tútù, tó sì ń fara da ooru ju ti títì lọ. Ferodo DS2500 jẹ́ ọ̀kan, EBC Yellowstuff náà jẹ́ ọ̀kan. Wọn ò dáa tó ti ìgboro ní ìgboro, wọn ò sì dáa tó ti ìje ní pápá ìje, ṣùgbọ́n wọn ò ní dójú tì yín níbì kankan.

Tó bá jẹ́ ìje gidi, páàdì ìje ni, irú bíi Hawk DTC-60, nínú pápá nìkan. Ẹ lọ wo ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ, wọ́n máa ń ya àwòrán ìwọ̀n ìgbóná tó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ mú èyí tí àárín rẹ̀ bá iye tí ẹ̀rọ yín kà mu, kì í ṣe èyí tí òkè rẹ̀ ga jù. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé ẹni tí dísìkì rẹ̀ ò kọjá 400 á lọ ra èyí tí wọ́n ṣe fún 700, torí ó rò pé èyí tó ga ló dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, pápá ìje ni mò ń sọ, ibi tí wọ́n ti dí ọ̀nà, tí àwọn oníṣègùn àti oníná-pípa wà níkàlẹ̀. A ò ní irú rẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń jáde lóru lọ figagbága lójú ọ̀nà Ìlọrin, kò sí páàdì kankan tí mo lè yàn fún yín, torí kò sí èyí tó lè dá ọkọ̀ dúró kó tó kan ẹni tó ń ti ọkọ̀ rẹ̀ tó bàjẹ́ nínú òkùnkùn.

Lọ́jà: ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò

Yálà ẹ rà á lọ́dọ̀ wa níbí, tàbí ní Àgódi Gate n'Íbàdàn, tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó, ẹ má wo páálí, ẹ yọ páàdì síta. Lára irin ẹ̀yìn tàbí etí rẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà méjì tó tẹ̀ léra, bíi EE, FF, GF. Ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń sọ bí páàdì ṣe ń mú tó nìyẹn. Lẹ́tà kìíní wà fún ìgbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, ìkejì fún ìgbà tó bá ti gbóná. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń mú tó, èyí tó bá pọ̀ jù ló mú jù: E wà láàárín 0.25 sí 0.35, F láàárín 0.35 sí 0.45, G láàárín 0.45 sí 0.55. FF dáa fún títì. FE sọ fún yín pé kò ní mú tó bẹ́ẹ̀ mọ́ tó bá gbóná, ẹ̀mí mi kì í balẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kò kọjá nǹkan bíi 345 dìgírì, nítorí náà GG kò sọ fún yín pé páàdì kan jẹ́ ti ìje. Wọn ò dán an wò débẹ̀.

Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ wá E nínú òbìrípo pẹ̀lú nọ́ńbà (1 ni Jámánì, 3 ni Ítálì, 11 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) àti 90R lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó ṣe ń mú kò fi ju ìdá 15 nínú 100 yàtọ̀ sí páàdì tó bá ọkọ̀ náà wá.

Àwọn ayédèrú náà ń tẹ lẹ́tà o. Nítorí náà ẹ gbé e sún mọ́ ojú, kẹ́ ẹ wo ibi tí páàdì ti lẹ̀ mọ́ irin. Tí àlàfo bá wà níbẹ̀, àní bó tiẹ̀ tín-ín-rín bí irun, ẹ dá a padà. Ẹ fi èékánná ha ojú rẹ̀, tó bá ń yọ ìyẹ̀fun bíi ṣọ́ọ̀kì, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e lé ti àtijọ́ kí ẹ rí i pé wọ́n bára mu. Páàdì Bẹ́líjọ́ọ̀mù ńkọ́? Mo ń ra ẹ́ńjìnì Bẹ́líjọ́ọ̀mù, mo ń ra jíà, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ ra páàdì. Ẹ ò mọ iye ìgbà tó ti jóná rí.

Ọ́ìlì

DOT 3 tuntun máa ń hó ní 205 dìgírì ó kéré tán, DOT 4 ní 230, DOT 5.1 ní 260. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tó bá sì ti fa omi, DOT 3 lè hó ní 140, DOT 4 ní 155, DOT 5.1 ní 180. Pẹ̀lú òjò tiwa, ẹ pa á dà lọ́dún méjì méjì. Ẹni tó ń lọ sí pápá, kó pa á dà kó tó lọ. DOT 5 lásán, tí kò ní ".1", silikóònù ni, ẹ má pò ó mọ́ ìyókù láé. Ẹ má sì ra ọ́ìlì tí wọ́n ti ṣí, tí wọ́n ń dà á tà díẹ̀díẹ̀.

Fífi í sí i

Ẹ dá jáàkì lé ibi tó le, kẹ́ ẹ fi nǹkan dá táyà tó kù dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fókánáísà fi kọ̀m̀pẹ́rẹ́sọ̀ fọn eruku bíréèkì, ẹ fi omi ọṣẹ rin ín kẹ́ ẹ nù ún, torí àwọn páàdì míì ṣì ní asbestos, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kálípà, irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì, rọ̀ sórí rọ́bà tí ọ́ìlì ń gbà wọ inú rẹ̀, ẹ fi wáyà gbé e kọ́. Tí ẹ bá ń ti písítìn, irin inú kálípà tó ń ti páàdì, padà, ẹ máa wo ọpọ́n ọ́ìlì lókè kó má kún dà sára ọ̀dà ọkọ̀, ó ń bó ọ̀dà. Písítìn ẹ̀yìn lára ọkọ̀ tí háńdì-bíréèkì rẹ̀ wà lára kálípà, bíi ọ̀pọ̀ Golf, yíyí ni wọ́n ń yí i wọlé, wọn kì í tì í, ẹni tó bá fi agbára tì í á bà á jẹ́.

Òpó méjèèjì tí kálípà ń yọ̀ lórí wọn gbọ́dọ̀ máa yọ̀ dáadáa. Gíríìsì oní-silikóònù ni kẹ́ ẹ fi sí i. Gíríìsì táyà máa ń wú rọ́bà ibẹ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kálípà á há, páàdì kan á jẹ tán, èkejì á ṣì nípọn. Ẹ wọn dísìkì náà, iye tí kò gbọ́dọ̀ dín sí wà lára rẹ̀, wọ́n kọ MIN TH síbẹ̀. Ọ̀tún àti òsì lẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ pẹ́dà títí á fi le. Ẹni tó gbàgbé èyí, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa tẹ̀ ẹ́, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Síse é

Páàdì tuntun àti dísìkì gbọ́dọ̀ mọra wọn. Ẹ wá ọ̀nà tó dákẹ́, láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú. Ẹ sáré dé 60, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa dé 15 láìdúró, kẹ́ ẹ tún sáré padà. Ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì. Ẹ má dúró kẹ́ ẹ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ nígbà tó gbóná, ẹ má fa háńdì-bíréèkì, àmì páàdì á lẹ̀ mọ́ ojú kan lára dísìkì, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n. Ti páàdì ìje, inú pápá ni kẹ́ ẹ ti se é, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ṣe kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ìje tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ní ọkọ̀ kan fún méjèèjì

Ẹ fi páàdì títì wà á dé pápá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀. Tí apá yín bá ká a, ẹ ní dísìkì ọ̀tọ̀ fún ìje, torí èròjà páàdì kan tó ti lẹ̀ mọ́ dísìkì kì í sábà bá òmíràn rẹ́. Tí dísìkì bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ tún un se nígbà gbogbo tí ẹ bá pààrọ̀. Ẹ má fi páàdì tó mú gan-an sẹ́yìn kẹ́ ẹ fi jẹ́jẹ́ síwájú, ìdí ọkọ̀ á yí po lójú kọ́nà.

Tí ìje bá parí, ẹ rọra wa yípo kan láìtẹ bíréèkì kẹ́ ẹ tó dúró. Nígbà tó bá tutù, ẹ tú u, ẹ wọn bó ṣe nípọn tó. Èyí tó bá ti kù sí mílímítà mẹ́ta, kó má bá yín padà sílé. Ẹ dá ti títì padà sí i, kẹ́ ẹ sì tẹ pẹ́dà títí á fi le kẹ́ ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.